Yìgì ni Ìgbéyàwó, Ìwé ni Ẹ̀rí Rẹ̀

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó dá ènìyàn ní takọ-tabo, tí Ó sì fi ìfẹ́ àti àánú sí àárín tọkọ-taya. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí di Ọjọ́ Ìdájọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń dojú rú mọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Bí ọjọ́ ìgbéyàwó bá ti ń súnmọ́, ọkọ àti ìyàwó a kọ́kọ́ gba ọ́fíìsì olùforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó lọ, yálà ní Ìkòyí tàbí ní ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Wọn a bọwọ́ lu ìwé, wọn a ya fọ́tò, wọn a sì padà sílé. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, lèmọ́mù a so yìgì fún wọn lójú ẹbí àti ará. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá bi wọ́n pé èwo nínú méjèèjì ni ó sọ wọ́n di tọkọ-taya, ìdáhùn wọn kì í dọ́gba. Àwọn kan gbà pé bí kò bá sí ìwé kóòtù, ìgbéyàwó kò tíì pé, pé yìgì jẹ́ àdúà lásán tí a fi ń gba ìbùkún. Àwọn mìíràn gbà pé ìwé jẹ́ nǹkan ayé, pé Mùsùlùmí tí ó ti so yìgì kò ní ohunkóhun í fi ìwé ṣe. Ẹgbẹ́ méjèèjì ni ó ṣìnà. Àṣìṣe ti àkọ́kọ́ ń ba ẹ̀sìn jẹ́, àṣìṣe ti èkejì ń ba ẹ̀tọ́ ẹ̀dá jẹ́, Ìsìláàmù kò sì fi ọwọ́ sí ọ̀kankan nínú wọn.

OHUN TÍ Ó Ń SO YÌGÌ

Nínú ìlànà Imam Malik, èyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé, ohun tí ó ń mú ìgbéyàwó dúró kò farasin. Èkíní ni ọkọ àti ìyàwó tí kò sí ohun tí ó ka fífẹ́ ara wọn léèwọ̀. Èkejì ni waliyyi, èyíinì ni baba ìyàwó tàbí ẹni tí ó dúró sí ipò rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni sàdáàkì, tí í ṣe ẹ̀tọ́ ìyàwó fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe ti baba tàbí ti ẹbí rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ ìfifúnni láti ẹnu waliyyi àti ọ̀rọ̀ ìgbàwọlé láti ẹnu ọkọ. Àwọn ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jẹ́ olódodo gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú, kí àwọn ènìyàn sì gbọ́ nípa rẹ̀, nítorí pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàṣẹ pé kí á máa kéde ìgbéyàwó. Àwọn onímọ̀ ní ìyàtọ̀ díẹ̀ láàárín ara wọn. Ní ọ̀dọ̀ Imam Shafi'i, àwọn ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ wà níbi tí a ti ń so yìgì gan-an. Ní ọ̀dọ̀ Imam Malik, wọ́n gbọ́dọ̀ ti mọ̀ kí tọkọ-taya tó wọlé tọ ara wọn. Ní ọ̀dọ̀ Imam Abu Hanifa, obìnrin tí ó ti bàlágà, tí orí rẹ̀ sì pé, lè fi ẹnu ara rẹ̀ gba ìgbéyàwó.

Ẹni tí ó bá wo gbogbo èyí dáadáa yóò rí i pé kò sí èyí tí ó ka ìwé kíkọ mọ́ òpó yìgì nínú wọn. Nítorí náà, yìgì tí a so ní ìlú kan tí kò sí akọ̀wé, tí waliyyi fi ọmọ rẹ̀ fúnni, tí ọkọ gbà, tí a dárúkọ sàdáàkì, tí àwọn ẹlẹ́rìí sì gbọ́, yìgì ni lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Àwọn ọmọ tí ó bá ti inú rẹ̀ jáde jẹ́ ọmọ ẹ̀tọ́. Kò sí òntẹ̀ ìjọba kan tí àìsí rẹ̀ lè sọ wọ́n di nǹkan mìíràn.

Ṣé ìwé kóòtù nìkan lè dúró dípò yìgì? Àwọn onímọ̀ kì í wo orúkọ ibi tí a ti ṣe é, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ń wò. Níwájú olùforúkọsílẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin ni ó ń fi ẹnu ara wọn gba ara wọn, ẹlẹ́rìí méjì a sì bọwọ́ lùwé. Òfin kò béèrè waliyyi lọ́wọ́ obìnrin tí ó ti dàgbà, kò sì béèrè sàdáàkì. Ti sàdáàkì rọrùn díẹ̀, nítorí pé Suratul-Bakọra, ayah 236, fi hàn pé ìgbéyàwó lè dúró kí á tó dárúkọ iye sàdáàkì, tí ọkọ yóò sì san án lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n waliyyi tí kò sí níbẹ̀ jẹ́ àléébù ńlá lọ́dọ̀ Imam Malik, Imam Shafi'i àti Imam Ahmad. Ohun tí ó tún burú jù ni pé òfin kóòtù kò béèrè ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Obìnrin Mùsùlùmí lè fẹ́ ọkùnrin tí kì í ṣe Mùsùlùmí níbẹ̀, ìwé rẹ̀ yóò sì pé pérépéré lójú ìjọba. Bẹ́ẹ̀ sì ni Suratul-Bakọra, ayah 221, àti Suratul-Mumtahana, ayah 10, ti ti ilẹ̀kùn yẹn pa. Ìwé tí ó pé lójú ìjọba kò sọ ohun tí Ọlọ́hun ṣe léèwọ̀ di ẹ̀tọ́.

OHUN TÍ A Ń BỌWỌ́ LÙ NÍ KÓÒTÙ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí, òun sì ni àwọn ọ̀dọ́ kì í bi ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó mú kálàmù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé àwọn kàn lọ fi orúkọ yìgì àwọn sílẹ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ní ọ́fíìsì yẹn jẹ́ ìgbéyàwó mìíràn lọ́tọ̀, lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó ti Nàìjíríà, tí àwọn òyìnbó amúnisìn gbé kalẹ̀ ní 1914, tí gbòǹgbò rẹ̀ sì wà nínú òfin tí wọ́n ṣe fún Èkó ní 1884. Tọkọ-taya yóò kọ́kọ́ fi ìwé ìkìlọ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ 21 yóò kọjá kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ. Kí oṣù 3 sì tó pé ni ìgbéyàwó náà gbọ́dọ̀ wáyé. Òfin Nàìjíríà túmọ̀ irú ìgbéyàwó yìí sí ìdàpọ̀ ọkùnrin kan àti obìnrin kan, láìsí ẹlòmíràn nínú rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà.

Ohun mẹ́ta ni ó ń tẹ̀lé ìbọwọ́lùwé yìí, ó sì yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ mọ̀ wọ́n.

Èkíní, ọ̀rọ̀ ìyàwó kejì. Òfin náà sọ pé ẹni tí ó bá ti ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ rẹ̀ kò lè fẹ́ ẹlòmíràn lọ́nà ìbílẹ̀ mọ́ kí tàkọ́kọ́ tó túká, ó sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sí ẹni tí ó bá rú u. Ọ̀pọ̀ amòfin ni ó ń ka yìgì mọ́ ti ìbílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù fi ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sí ẹni tí ó bá ṣe ìgbéyàwó lé ìgbéyàwó. Òótọ́ ni pé ìjọba kì í sábà gbé ẹnikẹ́ni lọ sí ilé ẹjọ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin tí a so yìgì fún gẹ́gẹ́ bí ìyàwó kejì ni yóò jìyà rẹ̀. Lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ìyàwó ni; lọ́wọ́ àwọn tí ó ń san owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀, wọ́n lè sọ pé àwọn kò mọ̀ ọ́n rí. Ọkùnrin tí ó bọwọ́ lùwé pé obìnrin kan ṣoṣo ni òun yóò ní, tí ó sì ti mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé òun yóò fẹ́ òmíràn, ti fi irọ́ bẹ̀rẹ̀ ilé rẹ̀. Al-Kùránì sì pàṣẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ Suratul-Maida pé kí àwọn onígbàgbọ́ máa mú àdéhùn wọn ṣẹ.

Èkejì, ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀. Ìgbéyàwó abẹ́ òfin yìí kì í túká pẹ̀lú talaki tí ọkọ sọ nílé, tàbí pẹ̀lú ìdájọ́ aáfà, tàbí ti kóòtù ìbílẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga nìkan ni ó lè tú u ká, gẹ́gẹ́ bí òfin tí a ṣe ní 1970 ti wí. Nítorí náà, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kọ̀ sílẹ̀ lọ́nà Ìsìláàmù, tí ó sì ti parí ìdà rẹ̀, lè lọ sí ilé ọkọ mìíràn pẹ̀lú ọkàn mímọ́, kí òfin ilẹ̀ sì máa pè é ní ìyàwó ẹni àkọ́kọ́.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ogún. Suratun-Nisai, ayah 11 àti 12, ti pín ogún. Ìyàwó ní ìdá kan nínú mẹ́jọ bí òkú bá fi ọmọ sílẹ̀, ó ní ìdá kan nínú mẹ́rin bí kò bá fi ọmọ sílẹ̀. Baba àti ìyá òkú ní ìpín tiwọn. Ọmọkùnrin a sì gba ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin. Ṣùgbọ́n òfin pípín ohun ìní òkú tí Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ṣe ní 1959, èyí tí àwọn ìpínlẹ̀ tí ó jáde lára rẹ̀ jogún, sọ pé ẹni tí ó bá ṣe ìgbéyàwó kóòtù, tí ó kú láìkọ ìwé ìhágún, òfin náà ni a ó fi pín ohun ìní rẹ̀, kì í ṣe ti ìbílẹ̀. Mùsùlùmí kan lè gbààwẹ̀ fún 50 ọdún, kí ó lọ sí Hájì, kí ó sì jẹ́ pé ìbọwọ́lùwé kan tí ó ṣe nígbà èwe ni yóò sọ bí a ó ṣe pín ilé rẹ̀.

ẸJỌ́ MÉJÌ LÁTI ÈKÓ ÀTIJỌ́

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1898, ilé ẹjọ́ Èkó dá ẹjọ́ Cole àti Cole. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni ẹni tí ó kú, ó sì ti ṣe ìgbéyàwó lọ́nà àwọn Kristẹni. Àbúrò rẹ̀ wá béèrè ohun ìní náà gẹ́gẹ́ bí àṣà ìbílẹ̀. Ilé ẹjọ́ kọ̀; wọ́n ní irú ìgbéyàwó tí ó ṣe ti yọ ọ́ kúrò lábẹ́ àṣà náà, pé òfin Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn yóò fi pín in.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní 1900, ẹjọ́ Asiata àti Goncallo dé. Yorùbá tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ni ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, wọ́n ti kó o lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Brazil. Níbẹ̀ ni ó ti fẹ́ obìnrin kan lọ́nà Ìsìláàmù, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ṣe ìgbéyàwó kan náà lọ́nà àwọn Kristẹni. Nígbà tí ó padà sí Èkó, ó fẹ́ obìnrin mìíràn pẹ̀lú yìgì, nígbà tí ti àkọ́kọ́ ṣì wà láyé. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ogún. Ilé ẹjọ́ pinnu pé Mùsùlùmí ni ọkùnrin náà, pé òfin Ìsìláàmù ni ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu, àti pé àwọn ọmọ ìhà méjèèjì ni yóò pín in.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹjọ́ kejì yìí tu ara rẹ̀ nínú gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ilẹ̀ Brazil ni ọkùnrin yẹn ti ṣe ìgbéyàwó rẹ̀, kì í ṣe lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó Èkó, ìgbèkùn ni ó sì wà. Ọ̀dọ́ òde òní tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí Ìkòyí, tí ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú un, kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

ÀWỌN TÍ Ó NÍ ÀWỌN KÒ FI ÌWÉ ṢE OHUNKÓHUN

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí èyí, kí á so yìgì kí á sì máa lọ láìsí àkọsílẹ̀. Ayah tí ó gùn jù nínú Al-Kùránì, èyí tí í ṣe ayah 282 nínú Suratul-Bakọra, ọ̀rọ̀ gbèsè kíkọ sílẹ̀ ni ó dá lé. Ọlọ́hun pàṣẹ akọ̀wé àti ẹlẹ́rìí nítorí owó tí ènìyàn yóò san padà. Suratun-Nisai, ayah 21, sì pe ìgbéyàwó ní májẹ̀mú tí ó nípọn. Bí owó bá yẹ ní kíkọ, báwo ni májẹ̀mú tí ó ń bí ọmọ, tí ó ń pín ogún, kò ṣe ní yẹ ní kíkọ? Sàdáàkì tí ọkọ kò tíì san tán pàápàá, gbèsè gidi ni.

Àwọn Sàhábà fúnra wọn kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Al-Kùránì wà lórí ọkàn àwọn hafizi, kò sì sí ẹni tí ó ṣiyèméjì nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kú ní ogun Yamama, Umar gba Abubakar níyànjú pé kí wọ́n kó o jọ sínú ìwé, wọ́n sì fi iṣẹ́ náà lé Zaid ọmọ Thabit lọ́wọ́. Ìwé kọ́ ni ó sọ ọ́ di Al-Kùránì. Ìwé ni ó dáàbò bò ó nígbà tí àwọn ẹlẹ́rìí ń kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti yìgì. Lèmọ́mù yóò kú, waliyyi yóò kú, àwọn ẹlẹ́rìí yóò ṣí lọ sí ìlú mìíràn. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ sẹ́ pé òun kò fẹ́ ẹ rí, kí ni yóò fi han adájọ́?

Nítorí èyí ni àwọn ilẹ̀ Mùsùlùmí fi ṣe òfin lórí rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Íjíbítì ti 1931 sọ pé bí ọ̀kan nínú tọkọ-taya bá sẹ́, kóòtù kò ní gbọ́ ẹjọ́ ìgbéyàwó tí kò ní ìwé ìjọba. Òfin Pakísítánì ti 1961 pàṣẹ pé kí gbogbo yìgì wọ inú ìwé olùforúkọsílẹ̀, ó sì fi ìyà sí ẹni tí kò bá ṣe é. Òfin ẹbí ilẹ̀ Mòrókò ti 2004 sọ ìwé di ẹ̀rí pàtàkì tí ilé ẹjọ́ yóò gbà. Àwọn onímọ̀ wọn kò sọ pé àìsí ìwé ń ba yìgì jẹ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ohun tí wọ́n sọ ni pé aláṣẹ lè pàṣẹ ohun tí yóò dènà ìpalára, ó sì tọ́ kí á tẹ̀lé e.

Àwọn Yorùbá Mùsùlùmí tí ó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù mọ irú ìpalára yìí. Ní oṣù Èrèlé 2020, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ilẹ̀ Ẹ̀ńgláńdì pinnu pé yìgì nìkan, tí kò ní ìforúkọsílẹ̀ lábẹ́ òfin, kò wọ inú ohun tí òfin wọn ń pè ní ìgbéyàwó rárá. Obìnrin tí ó ti gbé ilé ọkọ fún ogún ọdún pẹ̀lú irú yìgì bẹ́ẹ̀ kò lè gba ẹ̀tọ́ ìyàwó tí ó kọ̀ ọkọ níwájú kóòtù wọn. Ẹni tí ó bá ń gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ so yìgì, kí ó sì forúkọ sílẹ̀, nítorí pé òfin ibẹ̀ kò ṣí ọ̀nà mìíràn sílẹ̀.

Ọ̀NÀ TÍ Ó TỌ́

Ní Nàìjíríà, ọ̀nà mìíràn wà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò sì mọ̀ ọ́n. Ìwé òfin ilẹ̀ ti 1999 mọ ìgbéyàwó Ìsìláàmù sí ìgbéyàwó tí ó dá dúró. Òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti irú wọn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992 sì pàṣẹ pé kí á forúkọ ìgbéyàwó Ìsìláàmù àti ti ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀ tí ó wà ní àdúgbò, láàárín ọjọ́ 60. Ìforúkọsílẹ̀ yìí kò sọ yìgì di ìgbéyàwó òyìnbó. Kò yí ogún padà, kò sì gba talaki tàbí ìyàwó kejì lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀sìn fún. Ẹ̀rí ni ó jẹ́ pé ohun kan ti ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ mọ́sáláṣí ni èkejì. Kò yẹ kí mọ́sáláṣí kan wà tí kò ní ìwé ńlá tí a ń kọ yìgì sí. Kí á kọ orúkọ ọkọ àti ti ìyàwó ní pípé, ọjọ́ àti ibi tí yìgì ti wáyé, orúkọ waliyyi, iye sàdáàkì, èyí tí a ti san àti èyí tí ó kù, orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí, àti àdéhùn yòówù tí wọ́n bá bá ara wọn ṣe. Kí gbogbo wọn bọwọ́ lù ú, tàbí kí wọ́n tẹ̀ka. Kí ìwé ẹ̀rí jẹ́ mẹ́ta: ọ̀kan fún ọkọ, ọ̀kan fún ìyàwó, ọ̀kan fún mọ́sáláṣí. Lèmọ́mù tí ó bá ń so yìgì láìbéèrè bóyá ọkọ ti ní ìwé kóòtù pẹ̀lú obìnrin mìíràn ń ran ìdàrúdàpọ̀ lọ́wọ́ láìmọ̀.

Fún àwọn tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó kóòtù ná, ilẹ̀kùn kò tíì tì. Kí ẹni tí yìgì rẹ̀ kò tíì wáyé tètè so ó. Kí ẹni tí ó ti ní méjèèjì wá amòfin Mùsùlùmí, kí ó kọ ìwé ìhágún ní ọ̀nà tí òfin béèrè, kí ó sì sọ níbẹ̀ pé kí á pín ohun ìní òun gẹ́gẹ́ bí Suratun-Nisai ti wí. Kí ó sì máa pa májẹ̀mú tí ó bọwọ́ lù mọ́.

Ọ̀dọ́bìnrin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń fi ìwé kóòtù ṣe ààbò nítorí pé wọ́n rí bí àwọn ọkọ kan ṣe ń fi yìgì ṣeré, tí wọ́n ń lé ìyàwó jáde láìsan sàdáàkì, tí wọ́n ń fi ọmọ sílẹ̀ láìbọ́. Ẹ̀rù tí ó ń bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù asán. Ìwàásù nìkan kò lè lé e lọ. Ìgbà tí yìgì bá ní àkọsílẹ̀, tí sàdáàkì bá di gbèsè tí ó ṣeé gbà, tí àwọn àgbà mọ́sáláṣí bá sì ń bi ọkọ léèrè, ìgbà náà ni ọkàn wọn yóò balẹ̀. Mùsùlùmí tí ó bá ń bú àwọn arábìnrin pé wọ́n sá lọ sí kóòtù kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá mọ́sáláṣí tirẹ̀ ní ìwé tí ó lè gbè wọ́n.

Kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí so yìgì rẹ̀ lọ́nà súnà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí kò ti ní ta ẹ̀sìn rẹ̀, kí ó má sì bọwọ́ lu ohun tí kò kà. Kí Ọlọ́hun fi àlàáfíà àti ìfọkànbalẹ̀ sí ilé gbogbo Mùsùlùmí, kí Ó sì fi àwọn ọmọ rere ta wọ́n lọ́rẹ. Àmín.